Ọ̀gà Mọ Ọ̀gá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán ná, nítorí tata wà nínú ìtàn yìí, ó sì pọ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ọ̀gà máa ń bà lẹ́rù, ẹranko tí àwọn mìíràn ń pè ní alágẹmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ọ̀gà tí ẹ ó bá pàdé níbí ló mọ ìwà hù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n hù kò ní ìrù, agbádá ló ní.

Orúkọ rẹ̀ ni Ayọ̀dèjì Ògúnfẹ́yìmí. Ipò rẹ̀ ni Olùdarí Àgbà fún Ìdàgbàsókè, Ìlọsíwájú àti Ìgbéga Ìlú Ìdí-Àgbálùmọ̀ àti Gbogbo Abúlé Tó Yí I Ká. Ẹ mí díẹ̀. Ìdí-Àgbálùmọ̀ yìí, ìlú kékeré ni, ẹ ó bá a lójú ọ̀nà tí ẹ bá kọjá Ìyànà Ọ̀fà tí ẹ wá yà sí ọ̀nà oko. Bí ẹni tó wà nínú mọ́tò bá sín, kó tó nu imú tán, ó ti kọjá ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí Ògúnfẹ́yìmí o.

Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", nítorí àgbàlagbà ni, ó sì wà nípò. Òun alára tilẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe òun ní "ó", ì báà jẹ́ lẹ́yìn òun. Ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá sọ pé "wọ́n ṣubú", ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun nìkan ni tàbí gbogbo ìlú. Nítorí náà "ó" ni màá lò. Kó forí jì mí.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn iyanrìn. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti ṣí i. Ó sọ̀rọ̀ títí gílóòbù náà fi jó. Wọ́n ra òmíràn, ó sì tún pe ìpàdé. Ẹni tó máa ń dúró tì í nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni agbẹnusọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ́ Olúyínká. Iṣẹ́ Olúyínká ni kó máa pàtẹ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá parí. Nígbà míì, ó máa ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó pẹ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ògúnfẹ́yìmí ń ṣàlàyé fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ òun ni ọyẹ́ ò ṣe mú púpọ̀ lọ́dún yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gà kan gba ojú fèrèsé wọlé láti orí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó tún inú rò, kó tó wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gba ara kọ́tìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sórí àga ọ̀gá, ó gun èjìká rẹ̀, ó sì lọ gúnlẹ̀ sórí fìlà.

Yàrá ṣófo lọ́gán. Akápò gba ojú fèrèsé jáde. Ògúnfẹ́yìmí nìkan ló jókòó láìmira, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ má rò pé ìgboyà ni. Etí agbádá rẹ̀ ló há sábẹ́ ẹsẹ̀ àga, kò rí dìde.

Olúyínká ò ráyè dé ẹnu ọ̀nà, abẹ́ tábìlì ló sá sí. Láti ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀gá ò sá. Ẹ̀rù bà á pé ọ̀gá ti rí i lábẹ́ tábìlì. Ó ní láti sọ nǹkan, ó sì sọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ọ̀gá àgbà, ẹ má mira! Ẹ wò ó! Ọ̀gà mọ ọ̀gá!"

Ògúnfẹ́yìmí rọra yí ojú sí i, kò jẹ́ kí orí yí.

"Kí lo wí, Yínká?"

Olúyínká rí i pé ojú ọ̀gá ti ń tàn. Ó rákò jáde, ó gbọn eékún rẹ̀. "Mo ní ọ̀gà mọ ọ̀gá, sà. Gbogbo wa la wà nínú yàrá yìí. Kò gun akápò. Kò gun akọ̀wé. Kò wo ojú èmi rárá. Orí yín ló lọ tààrà, sà. Ẹranko tí ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú tí èkejì ń wo ẹ̀yìn, ó wá olórí kiri ayé, ó sì rí i."

"Ó rí i," ni Ògúnfẹ́yìmí wí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ẹ wo bí àmì ohùn kékeré kan ṣe lè ba ayé èèyàn jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti pe akunlé kó wá kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pátákó iwájú ọ́fíìsì. Akunlé ò ní sùúrù àmì ohùn. OGA MO OGA ló kọ. Àwọn kan ń kà á pé ọ̀gá mọ ọ̀gá, àwọn kan ń kà á pé ọ̀gà mọ ọ̀gà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń kà á sí ohun tí n kò lè kọ síbí.

Ògúnfẹ́yìmí gbé ọ̀gà náà lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀, Dorothy, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, obìnrin tí kì í pariwo. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Tósìn, ti lọ sílé ọkọ, nítorí náà ilé ń pa rọ́rọ́. Dorothy ń gbọn eruku aṣọ ojú fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀ka igi lọ́wọ́, tí ọ̀gà sì wà lórí ẹ̀ka.

"Bàbá Tósìn, kí lèyí?"

"Dorothy, ọjọ́ ọ̀la ìlú yìí lò ń wò yẹn. Mo ti wo fídíò rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń sìn ín nínú ilé bí a ṣe ń sin ajá. Wọ́n ń mú kó bímọ. Ayé á wá máa wọ́ tìtì wá sí Ìdí-Àgbálùmọ̀ láti wá wò ó."

Dorothy wo ẹ̀ka igi náà, ó wo àga tí wọ́n gbé e lé. "Ọjọ́ ọ̀la ti ṣu sórí àga mi," ló wí, ó sì lọ mú àkísà.

Bí ìsìn ọ̀gà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà kan igi ró ní pálọ̀, wọ́n na nẹ́ẹ̀tì bò ó. Wọ́n kó ìkòkò òdòdó sínú rẹ̀ kí àwọn ẹranko náà lè rí ewé gùn. Wọ́n so ike omi kan rọ̀ sókè tó ń kán tótó sórí ewé, nítorí ọ̀gà kì í mu omi inú abọ́, èyí tó bá sẹ̀ sára ewé ló máa ń lá. Wọ́n tan iná kan tì wọ́n kí otútù má mú wọn. Tẹlifíṣọ̀n Dorothy lọ sínú yàrá, àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Wọ́n wá ń wá ọ̀gà kún ọ̀gà. Àwọn ará ilé Fáwùnmí, tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà láti ọjọ́ pípẹ́, ránṣẹ́ sí Ògúnfẹ́yìmí pé ẹranko jẹ́jẹ́ ni ọ̀gà, igbó ló ń gbé, kó jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà sọ ohun kan náà fún un. Ilé méjèèjì kì í fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ní Ìdí-Àgbálùmọ̀. Ògúnfẹ́yìmí ní ìlara ló ń ṣe wọ́n.

Akọ méjì bá ara wọn nínú àgò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọ́n wú fùkẹ̀, wọ́n yí àwọ̀ padà, wọ́n ń la ẹnu síra wọn. Ògúnfẹ́yìmí gbé àga sí iwájú wọn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní àlàáfíà láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí tó fi wọ̀. Dorothy wá láti ilé ìdáná, ó fa aṣọ kan sáàárín wọn kí wọ́n má rí ara wọn mọ́. Ìjà parí. "O rí bí ọ̀rọ̀ mi ṣe wọ̀ wọ́n lára?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

Èyí tó gun fìlà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í gbé nílé. Ọ́fíìsì ló ń lọ láràárọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìgbákejì, wọ́n sì gbé e sórí àga igbákejì olùdarí. Igbákejì tòótọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, lọ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ìwé bá dé, Ògúnfẹ́yìmí á gbé e síwájú ẹranko náà. Tó bá fi ojú ọ̀tún wò ó, ó fọwọ́ sí i nìyẹn. Tó bá fi ojú òsì wo ibòmíràn, kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀gà ṣe ń ṣe. Gbogbo ìwé ló gba àṣẹ, gbogbo rẹ̀ náà ló sì kọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ṣòfin ìrìn. Kò sí òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ rìn kíákíá mọ́ nínú ọgbà ọ́fíìsì. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n mì síwájú, kí wọ́n mì sẹ́yìn, kí wọ́n ronú sí ire ìlú, kí wọ́n tó gbé ìkejì. Fáìlì tó bá kúrò ní yàrá kan láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀sán ló máa dé yàrá kejì. Àwọn ará ìlú tó wá ń béèrè nǹkan ò tilẹ̀ mọ̀ pé òfin tuntun dé. Wọ́n ní báyẹn náà ni iṣẹ́ ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ó tún ṣòfin àwọ̀. Àwọ̀ aṣọ tí ọ̀gá bá wọ̀ ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ̀, tó bá sì pààrọ̀, kí wọ́n pààrọ̀. Ògúnfẹ́yìmí máa ń pààrọ̀ aṣọ lọ́sàn-án. Olúyínká wá ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé lórí àlùkò, àlùkò lórí yẹ́lò, tó fi dà bí àlùbọ́sà, òógùn á sì máa dà lára rẹ̀ bí ike omi àwọn ọ̀gà.

Ẹ̀rín ni gbogbo ìyẹn. Kò sẹ́ni tí ì bá sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe ti tata.

Kòkòrò tó wà láàyè ni ọ̀gà ń jẹ, tata sì wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gà kan ò jẹun, ó ń pajú dé. Ògúnfẹ́yìmí ní àwọn àgbẹ̀ ló ń fín oògùn sí tata lára, tí tata sì ń gbé e wá fún àwọn ọmọ òun. Ó pe Olúyínká. Olúyínká wọnú mọ́tò tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí, ó sì yí gbogbo ìlú àti oko ká.

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Àgbálùmọ̀! Láti òní lọ, tata ti di ohun ìní ìjọba! Ẹ má fín oògùn sí i! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa! Ẹ má lé e! Tó bá bà lé yín lára, ẹ dúró jẹ́ẹ́ títí tó fi máa wù ú kó lọ!"

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, bí mo ṣe sọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi kan ṣoṣo tí nǹkan tútù máa ń wà ní Ìdí-Àgbálùmọ̀ ni àkùrọ̀ etí odò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbin ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ ni, ṣọkọ ni, ilá ni. Òun ló ń gbé ilé wọn ró títí òjò á fi dé. Ẹni tó jẹ́ olórí wọn ni Ọmọ́wùnmí, obìnrin gíga kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń fi ẹ̀fọ́ tọ́ àwọn ọmọ. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a lórí ibùsùn. Á ti wà létí odò, á máa fi garawa bu omi wọ́n ebè.

Tata gbọ́ òfin náà, àbí báwo ni kí n ti sọ ọ́? Wọ́n wá láti inú oko ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ, wọ́n wá láti inú igbó, wọ́n bo àkùrọ̀. Ọmọ́wùnmí dúró lórí ebè rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ tó ti tó já. Ohùn ẹnu wọn dà bí ìgbà tí iná ń jó koríko gbígbẹ. Obìnrin kan tó gbé aṣọ sókè láti lé wọn, Olúyínká ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí rí i pé ṣọkọ ti ku igi lásán, ó ká èyí tó ṣẹ́kù, ó sì gba ọ́fíìsì lọ.

Ó pẹ́ kó tó wọlé, nítorí ẹni tó fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ń mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ́wùnmí ni mí, láti àkùrọ̀. Ẹ wo ewé yìí, sà." Ihò ló kún ara ewé náà bí asẹ́. "Tata ti ń jẹ wá run. Ẹ bá wa yí òfin yẹn padà, torí Ọlọ́run."

Ògúnfẹ́yìmí dìde. Ó tún fìlà ṣe. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ? O pè é ní ewé tó bàjẹ́. Èmi, bí mo ṣe wò ó, ewé tó ti sin ìlú rẹ̀ ni! Ewé yìí ti di tata, tata ti di ọ̀gà, ọ̀gà ti di ìlọsíwájú!"

Olúyínká pàtẹ́wọ́.

"Sà," ni Ọmọ́wùnmí wí, "àwọn ọmọ mi kì í jẹ ìlọsíwájú."

"Ẹ jẹ́ ká bi Ìgbákejì." Ògúnfẹ́yìmí yí sí ẹranko orí àga. Eṣinṣin kan ń fò kọjá. Ìgbákejì na ahọ́n, pà, eṣinṣin ti wọlé. "O rí i? Ó ti fèsì. Tata tó o rí un, oúnjẹ ìjọba ni."

Ọmọ́wùnmí dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò bínú sókè. "Kò burú, sà. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ìjọba, ẹ jẹ́ kí ìjọba wá kó oúnjẹ rẹ̀ kúrò lórí ebè mi."

Olóye èèyàn á ti dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó, Ògúnfẹ́yìmí kì í sì í rí èrò kó dákẹ́. Ó na ọwọ́ agbádá jáde. "Kí ìjọba wá kó o? Ìjọba ò ní wá! Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá sílé mi! Láàyè! Láìṣẹ́ ẹsẹ̀ kan! Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ!"

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Gbogbo rẹ̀!"

"A ti gbọ́, sà," ni Ọmọ́wùnmí wí, ó sì jáde.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìsọmọlórúkọ yìí. Abo ọ̀gà kan ti gbẹ́ ilẹ̀ inú ìkòkò òdòdó Dorothy, ó yé ẹyin síbẹ̀, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ògúnfẹ́yìmí ní ọjọ́ kẹjọ kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsọ wọ́n lórúkọ. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó yàn án sípò ní ìgboro Ìbàdàn.

"Ẹyin lẹ fẹ́ sọ lórúkọ?" ni Dorothy bi í.

"Ọmọ ni wọ́n nínú."

"Wọn ò tíì pa. Fídíò tí ẹ fi hàn mí sọ pé oṣù mélòó kan ló ń gbà."

"Ti òyìnbó nìyẹn. Tèmi mọ̀ pé àlejò ń bọ̀."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú ilé. Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, Ìgbákejì sì wà lórí ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògúnfẹ́yìmí wọ agbádá aláwọ̀ ewé tó fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ wọ àwọ̀ ewé. Àlejò pàtàkì ni Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ gbogbo irú àwọn olùdarí bẹ́ẹ̀ ní agbègbè náà. Ó wé gèlè tó ga, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé níbo ni ìyá ọmọ wà, ẹni náà sì tọ́ka sí inú àgò.

Ògúnfẹ́yìmí gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Ẹ̀yin èèyàn tí kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀! Kí a tó bí ìlú yìí, òkùnkùn ló wà níbí. Lẹ́yìn náà, èmi dé..."

Inú ọ̀rọ̀ yẹn ló wà nígbà tí àwọn obìnrin àkùrọ̀ wọlé. Wọ́n pọ̀ débi pé iwájú wọn ti dé abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀yìn wọn ṣì wà lójú títì. Àpò ìrẹsì ló wà lórí àwọn kan, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ́wọ́ àwọn kan, agbọ̀n tí wọ́n fi aṣọ dè lẹ́nu. Àwọn ẹrù náà ń mira fúnra wọn. Ó ń dún ṣéré-ṣéré-ṣéré.

"Kí ló wà nínú àwọn àpò yẹn?" ni Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá béèrè.

"Ẹ̀bùn ìfẹ́ ni, mà!" Inú Ògúnfẹ́yìmí dùn débi pé ó ń jó díẹ̀. "Bí àwọn èèyàn mi ṣe fẹ́ràn mi tó nìyẹn!"

Ọmọ́wùnmí ti dé iwájú, ó kúnlẹ̀. "Ohun tí ẹ ní ká kó wá ni, sà. Láàyè ni gbogbo wọn. Ṣé ká gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé?"

"Ẹ̀yìnkùlé kẹ̀? Kí àlejò má rí i? Ẹ tú u níbí!"

"Níbí, sà? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi lò ń bi bóyá ó dá mi lójú?"

Ọmọ́wùnmí wo ẹ̀yìn, ó mi orí sí àwọn obìnrin. Wọ́n sì tú u.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mo ti wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàpèjúwe ohun tó jáde, n kò rí i. Ẹ sáà rò ó pé afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀. Tata kún abẹ́ àtíbàbà. Wọ́n kó sínú ìrẹsì, wọ́n kó sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n gun gèlè. Ebi àwọ̀ ewé ló ń pa wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú àpò, wọ́n wò yíká, wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n rí Ògúnfẹ́yìmí pàápàá, tó fẹ̀ bí ebè tẹ̀tẹ̀. Wọ́n bo agbádá náà tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí aṣọ mọ́. Olúyínká ya ẹnu láti kígbe "Ọ̀gá!" Ọ̀kan wọlé. Ó pa ẹnu dé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́.

"Ìgbákejì! Jẹ wọ́n!" ni Ògúnfẹ́yìmí ń pariwo. "Ìgbákejì! Mo pàṣẹ fún ọ!"

Ìgbákejì ti jẹun yó láti àárọ̀. Ó fi ojú kan wo ọ̀run, ó fi ojú kejì wo ọ̀gá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó sì rọra kẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni tata kan wọ Ògúnfẹ́yìmí lọ́rùn, ó gba inú ẹ̀wù lọ sísàlẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ọkùnrin náà fò sókè.

"Ẹ pa wọ́n! Ẹ pa wọ́n! Ẹ pa gbogbo wọn!"

Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gba ẹ̀rọ jáde, ó kọjá òrùlé, ó dé àkùrọ̀.

Ọmọ́wùnmí ò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. "Sà, òfin ńkọ́?"

"Òfin wo? Òfin ti kú! Ẹ pa wọ́n!"

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ọmọ́wùnmí wí. Ó dìde, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara agbádá ọ̀gá. Àwọn obìnrin yòókù bá a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lo bàtà, wọ́n lo ìgbálẹ̀, ẹnì kan lo abẹ̀bẹ̀ Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ibi tí tata wà nìkan ni wọ́n ń lù. Gíláàsì ojú ọ̀gá fọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá ṣì jókòó, tata kan jókòó lórí gèlè rẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n dànù.

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúnfẹ́yìmí, ta ló ní kí wọ́n má pa kòkòrò tó ń jẹ oko?"

"Mà, ìpinnu ìgbìmọ̀ ni. Èmi àti Ìgbákejì la jọ..."

"Ìgbákejì dà?"

Ògúnfẹ́yìmí tọ́ka sí ẹ̀ka igi. Obìnrin náà wo ibẹ̀.

"Ẹni tí ẹ kọ̀wé sí mi pé ó jẹ́ akínkanjú, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ jù, tí ẹ ní kí n fún ní mọ́tò?"

"Òun ni, mà."

Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi wọ́, tata sì fò lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, kò sí gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ máa lọ sinmi. Kí igbákejì tó jẹ́ èèyàn wá rí mi lọ́la."

Ó tán. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ránpẹ́ ló gbé e kúrò nípò.

Igbákejì tòótọ́ gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga, ó sì ní kí oníkálukú máa rìn bó ṣe wù ú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń forí gbárí ní kọ̀rọ̀. Olúyínká rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, mo sì gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ yá níbẹ̀.

Dorothy ṣí àgò sílẹ̀. Ó to ẹ̀ka igi láti pálọ̀ dé etí ọgbà, ó gbé àga rẹ̀ jókòó, ó sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó gbà wọ́n ní gbogbo ọ̀sán. Ó gbé ìkòkò òdòdó náà sábẹ́ ibòji. Nígbà tí òjò dé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jáde níbẹ̀, wọn ò tó ìka ọwọ́, wọ́n rìn lọ sínú koríko, kò sẹ́ni tó sọ wọ́n lórúkọ.

Ògúnfẹ́yìmí ò jáde nílé títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Ojú ń tì í. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń sọ̀rọ̀ fún dígí. Nígbà tó yá, dígí náà sú u. Dorothy á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jókòó tì í, kò ní bá a wí, kò sì ní tù ú nínú. Lọ́jọ́ kan, ó kàn sọ fún un pé, "Gíláàsì ojú yín ti fọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ ṣe òmíràn ní ìgboro."

Mọ́tò ìjọba ti lọ. Ó rìn dé Ìyànà Ọ̀fà, ó dúró bí gbogbo èèyàn. Mọ́tò akérò kékeré kan, Míkírà, dúró. "Bàbá, ẹ wọlé níwájú, ẹ sún mọ́ gíà dáadáa," ni dírẹ́bà wí. Ògúnfẹ́yìmí wo àga náà, ó rò pé tòun nìkan ni. Kó tó jókòó tán, ẹnì kan tì í wọlé láti ẹ̀yìn, ìdí pẹ̀lú ẹrù.

"Ẹ sún díẹ̀, sà. Ẹni méjì ló ń jókòó síbí."

Ọmọ́wùnmí ni. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí nínú Míkírà.

Ẹrù rẹ̀ tó kù ti kún bútù, nítorí náà èyí wà lórí itan rẹ̀, ìdì ṣọkọ ńláńlá, ó tutù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Òkè ìdì náà bo ojú obìnrin náà tán.

"Ẹ bá mi gbé ìdajì dání, sà."

Ògúnfẹ́yìmí gbà á. Ọ̀nà jìn díẹ̀ kó tó lanu.

"Ọmọ́wùnmí," ló wí. Ó tún ara ṣe, ó fa èémí sínú bí ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò wá. Ó tu èémí náà jáde. "Ohun tí mo ṣe ò dáa. Ẹ má bínú."

Ọmọ́wùnmí gbọ́ "ẹ" náà. Ó wo iwájú. "Ẹ̀fọ́ ti hù padà," ló fi fèsì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún sọ pé, "Ẹ má fún un mọ́ra jù, yóò ṣẹ́."

Ògúnfẹ́yìmí sì tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ọmọ tuntun títí wọ́n fi dé Ìwó Road.

Níbẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ́wùnmí ń wá ẹni tó máa bá a gbé ẹrù lẹ́yìn mọ́tò. Ògúnfẹ́yìmí dúró létí títì, ìdì ṣọkọ láyà, omi ti rin agbádá rẹ̀. Obìnrin oníbàárà kan já wá láti àárín èrò, ó fọwọ́ kan ewé náà.

"Bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ kú ọjà o. Ṣé tuntun lèyí?"

Ògúnfẹ́yìmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọrùn.

"Tuntun ni," ló wí. "Àárọ̀ yìí la já a."

Ọmọ́wùnmí gbé orí sókè láti ẹ̀yìn mọ́tò.

"Àwa ta ni?"